Látúndé Ọdẹ́kù: Oníṣẹ́-Abẹ Ọpọlọ àti Eegun Ẹ̀yìn (1927–1974)

Ìfáàrà

Iṣẹ́ gẹdú kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní Jàpárà. Bí ènìyàn bá ń wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, yálà ó gba Àgọ́-Ìwòyè wọlé ni tàbí ó gba ọ̀nà Mámu láti Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi pàdé ọkọ̀ agbégẹdú. Láti Òkè-Àgbò dé Òkè-Ṣópẹ́n, láti Ojówó dé Àtíkòrí àti Jàpárà, àwọn ìdílé tí ó ti inú igbó jẹun pọ̀ jọjọ; bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí ń kọ ẹyìn àti àwọn tí ń dá ẹmu. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Abígi àti Ìwòpin, ọ̀pẹ àti omi ni ó jùmọ̀ ń bọ́ ará ìlú. Ohun tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi jọ ara wọn ni pé ìṣubú kan ṣoṣo lè sọ alágbára di ẹni tí à ń gbé. Igbà tí ó já lórí ọ̀pẹ, igi tí ó yí padà sí ibi tí agégi kò fojú sí, ọkọ̀ tí ó dojú dé pẹ̀lú ẹrù gẹdú lórí rẹ̀: eegun ẹ̀yìn ni gbogbo wọn sábà máa ń bá jà. Ẹsẹ̀ kò dá, apá kò dá, orí sì pé. Síbẹ̀ ẹni náà kò lè dìde.

Àwọn a-to-eegun ilẹ̀ wa mọ bí a ti ń to itan àti ojúgun, wọ́n sì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó tún padà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n inú eegun ẹ̀yìn kì í ṣe òfìfo. Okùn rírọ̀ kan gba inú rẹ̀ wá láti inú ọpọlọ, òun ni ó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí orí, tí ó sì ń gbé àṣẹ láti orí lọ sí ẹsẹ̀. Bí eegun bá tẹ okùn náà, títo eegun nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá máa fi abẹ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí. Kí ó tó di ọdún 1962, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó ti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yanjú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, tí ó sì gbé e wá sí Ìbàdàn, ni Látúndé Ọdẹ́kù.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n bí Emmanuel Ọlátúndé Àlàbá Ọláńrewájú Ọdẹ́kù. Ọmọ Awẹ́ ni, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ àmútọ̀runwá yóò ti mọ̀ pé Àlàbá kì í dédé jẹ́ orúkọ ènìyàn: àwọn ìbejì ni ó máa ń ṣíwájú, Ìdòwú a tẹ̀ lé wọn, kí Àlàbá tó dé. Látúndé, èyí tí a gé kúrú nínú Ọlátúndé, ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó ni ó ti kàwé kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì Howard ní ìlú Washington, ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1950 pẹ̀lú ipò tí ó ga jù. Ó dúró síbẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì di dókítà ní ọdún 1954. Yíyan Howard kì í ṣe ohun kékeré. Ní àkókò náà, ìyàsọ́tọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ṣì múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ bíi Howard sì ni ó kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Clarence Greene, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ti Amẹ́ríkà fún ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1953, wà lára àwọn olùkọ́ Howard nígbà tí Ọdẹ́kù ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ẹni tí ó jọ òun ti dé ibi kan, ó ṣòro kí ó gbà pé ibẹ̀ kò ṣeé dé.

Láti Howard ó lọ sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Michigan ní Ann Arbor. Láàárín kan, ó padà wálé ṣe iṣẹ́ dókítà ní ilé-ìwòsàn gbogbogbòò ní Èkó, kí ó tó tún padà sí Ann Arbor láti lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lábẹ́ Edgar Kahn. Gbajúmọ̀ ni Kahn nínú iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀, Albert Kahn, ni ayàwòrán-ilé tí ó ya ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ní ọdún kan tàbí méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ mọ ìṣẹ̀dá orí àti ẹ̀yìn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, yóò dúró ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, yóò sì máa ṣọ́ aláìsàn lóru. Lẹ́yìn èyí, Ọdẹ́kù tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà nípa àyẹ̀wò àrùn, ní Washington, níbi tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi wo ọpọlọ tí àrùn ti bà jẹ́ lọ́dọ̀ Webb Haymaker.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ kí ó dúró. Iṣẹ́ wà, owó wà, ẹ̀rọ wà. Ó kọ̀ wọ́n, ó sì padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1962. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni nígbà náà.

Ìbàdàn ní ọdún 1962

Ọdún márùn-ún péré ni UCH tí ó wà ní Ọ̀rìta-Mẹ́fà ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Kí ó tó di ìgbà náà, Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́. Ọdún tí Ọdẹ́kù dé yìí gan-an ni Yunifásítì Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù tí ó dá dúró. Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí kò ní oníṣẹ́-abẹ. Samuel Mánúwà, tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1903, ti mú orúkọ ńlá nínú iṣẹ́ abẹ ṣáájú kí ó tó di ọ̀gá àgbà ní ẹ̀ka ìlera ìjọba. Ó tilẹ̀ ṣe ọ̀bẹ kan fún gígé egbò kíkẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Ṣùgbọ́n orí àti ẹ̀yìn jẹ́ ilẹ̀ tí oníṣẹ́-abẹ gbogboogbò kì í fẹ́ wọ̀ bí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ tí ó mọ ọ̀nà.

Ọdẹ́kù kò bá ẹ̀ka kankan nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Ó ní láti kó o jọ: yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọn irinṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò kọ́ iṣẹ́ tuntun, àwọn dókítà kékeré tí yóò jókòó ti aláìsàn. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn méjì tí orúkọ wọn kò ṣeé yà kúrò lára tirẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Èkínní ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Èkìtì, dókítà àrùn ọpọlọ àti iṣan tí kì í lo abẹ. Èkejì ni Adélọlá Adélóyè, ọmọ Èkìtì bákan náà, tí òun náà di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Ọ̀ṣuntókun ni yóò wo aláìsàn sọ̀ọ̀sùn, yóò sì pinnu pé èyí yẹ fún oògùn. Ọdẹ́kù àti Adélóyè ni èyí tí ó bá yẹ fún abẹ yóò kàn. Àjọṣe yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tí ń kọ ìtàn Ọdẹ́kù ti sábà máa ń fi hàn lọ, nítorí pé ohun tí ó nira jù nínú ìtọ́jú ẹ̀yìn ni mímọ ẹni tí kò yẹ kí a fi abẹ kàn.

Ẹsẹ̀ tí kò gbé ni mọ́

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn rọ, tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní àkókò náà. Àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n, ṣùgbọ́n irú wọn ni wọ́n ń rí.

Ẹni kìíní jábọ́ lórí ọ̀pẹ lánàá. Ẹni kejì kò jábọ́ níbì kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yọ gan-n-gan fún bí ọdún méjì, ó ń rù, ibà ìrọ̀lẹ́ kì í sì í fi í sílẹ̀. Ẹni kẹta kò jábọ́, kò sì yọ iké. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń jó o bí iná, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí yó, ojú rẹ̀ ń ṣú, etí rẹ̀ sì ń di. Ní abúlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò sọ nípa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ayé ti gba ẹsẹ̀ wọn. Ní yàrá àyẹ̀wò, àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ti ẹni kìíní, eegun fọ́ tẹ okùn ẹ̀yìn. Ti ẹni kejì, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó wọ inú eegun ẹ̀yìn, tí ó ń jẹ eegun náà títí tí ó fi wó. Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá fi èyí sọ́kàn. Abuké, nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, ẹni òrìṣà ni. Ọbàtálá ni ó mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ náà dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí à ń pè ní abuké, a rí àwọn tí kò bá iké wáyé rárá: àrùn tí oògùn ń wò, láti ìgbà tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dé láàárín ọdún 1943 sí 1952, ni ó tẹ̀ wọ́n ba. Bí wọ́n bá tètè mú irú wọn wá, oògùn a máa tó. Bí ọyún bá ti ń fún okùn ẹ̀yìn pa, abẹ a wọ̀ ọ́.

Ti ẹni kẹta ni ó mú orúkọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wọ inú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé. Ọ̀ṣuntókun tọpa àrùn náà lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé. Ní ọdún 1968 àti 1969 ni ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde: ó rí i pé àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ẹran àti ẹja kì í sì í tó nínú oúnjẹ wọn, ni àrùn náà ń mú, ó sì fura sí májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jinná dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Òsósà ní ọdún 1998, wọ́n bá àrùn náà níbẹ̀, àríyànjiyàn sì wà lórí bí ẹ̀bi náà ti pọ̀ tó lọ́rùn ẹ̀gẹ́. Ohun tí ó dájú ni pé kò sí abẹ tí ó lè wo ẹni kẹta yìí sàn. Bí oníṣẹ́-abẹ tí kò fara balẹ̀ bá la ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi egbò kún ìyà rẹ̀ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìyàtọ̀, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ní ègé-ègé? X-ray a máa fi eegun hàn, kì í fi okùn tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gún sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Wọn a fa díẹ̀ nínú omi tí ó yí okùn náà ká, wọn a sì fi oògùn kan tí ó máa ń hàn ketekete lábẹ́ X-ray rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a gbé ibùsùn tí aláìsàn sùn lé dagun, wọn a tún dà á sílẹ̀, kí oògùn náà lè ṣàn lọ ṣàn bọ̀. Ibi tí ó bá ti dúró tí kò lè kọjá, ibẹ̀ ni ìdènà wà. Iṣẹ́ tí ó ń roni lára ni fún aláìsàn, orí fífọ́ sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ fún oníṣẹ́-abẹ ibi tí yóò là.

Lílà náà kì í ṣe kékeré. Wọn yóò dá aláìsàn dojú bolẹ̀, wọn yóò la awọ ẹ̀yìn gbọọrọ, wọn yóò fa ẹran apá ọ̀tún àti ti òsì sẹ́yìn kúrò lára eegun, wọn yóò sì yọ òrùlé eegun náà ní ìpele méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí okùn tí ó há lè rí àyè mí. Ẹ̀jẹ̀ á dà. Ẹran tí wọ́n fà yóò máa ro aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ìtọ́jú lẹ́yìn abẹ

Àwọn tí ń yin Ọdẹ́kù sábà máa ń dúró lórí pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ipò àkọ́kọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni là lórí ibùsùn. Ohun tí ń pa ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ kì í sábà jẹ́ eegun náà. Ara tí kò ní ìmọ̀lára kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yí padà. Ibi tí egungun ìdí àti gìgísẹ̀ bá ti tẹ ibùsùn fún wákàtí díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dé ibẹ̀ mọ́, ẹran yóò kú, egbò yóò sì jẹ wọlé títí kan eegun. Ìtọ̀ tí kò lè jáde fúnra rẹ̀ yóò kẹ̀ nínú àpò ìtọ̀, àrùn náà yóò sì gòkè lọ bá kíndìnrín. Títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibi gbogbo ní ayé ni irú aláìsàn báyìí ti ń kú. Ní ọdún 1944 ni Ludwig Guttmann bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi hàn pé yíyí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, mímú àpò ìtọ̀ mọ́ tónítóní, àti fífún un ní iṣẹ́ àti eré ìdárayá ṣe, lè jẹ́ kí ó pẹ́ láyé.

Yíyí náà gba ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Orí, èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ìkankan ṣáájú èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ìgbó Ìjẹ̀bú-Igbó ti máa ń yí ìtì gẹdú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yára jù, eegun tí ó ṣẹ́ lè tún gé okùn tí abẹ ti tú sílẹ̀. Ta ni yóò ṣe èyí ní aago méjì òru? Ní ilé-ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì kò tó, àwọn ẹbí ni. Ìyá, ìyàwó, àbúrò ọkùnrin tí ó fi oko sílẹ̀, tí ó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ó di apá kan ìtọ́jú. Nígbà tí wọ́n bá sì dá aláìsàn náà padà sí Jàpárà, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àwọn arọ lè gbà kò sí, ilé ìgbẹ́ sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ abẹ lè gba wákàtí mẹ́rin. Ìtọ́jú lè gba ogún ọdún.

Ọdẹ́kù kò fi ọ̀ràn yìí ṣe eré. Ní ọdún 1971, òun àti Richard tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí àwọn ohun tí ó mú ìpalára eegun ẹ̀yìn ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Àkọlé náà nìkan ti sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ó ti kọ́ṣẹ́ ní Michigan, ṣùgbọ́n kò ro pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ tó láti fi wo ará oko ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹ́ ẹ̀yìn ènìyàn níhìn-ín. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti Adélóyè ṣàpèjúwe kókó omi kan tí a máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ lókè àwùjẹ̀. Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, abẹ sì lè mú un kúrò pátápátá. Àwọn oníṣègùn kan ṣì ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é.

Ogun abẹ́lé ti jà láàárín ọdún 1967 sí 1970, ìwọ̀nba ènìyàn kéréje sì ni ó mọ iṣẹ́ yìí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú ẹrù náà, Ọdẹ́kù di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ó sì tún ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Akéwì ni, pẹ̀lú. Ìwé ewì méjì ni ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: Twilight Out of the Night ní ọdún 1964, àti Whispers from the Night ní ọdún 1969. Pé òru wà nínú àkọlé méjèèjì kò ní ya ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹni tí ó fi orí gbá wá. Ó dunni díẹ̀ pé kò sí èyí tí ó fi èdè abínibí rẹ̀ kọ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kàwé ní àkókò rẹ̀ ti ń kọ̀wé nìyẹn.

Àìsàn rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Àtọ̀gbẹ ni ó ń bá Ọdẹ́kù jà ní gbogbo àkókò yìí. Àrùn tí kì í kánjú ni, tí ó máa ń ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì fẹ́ oúnjẹ déédéé, oorun àti ìsinmi: ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ oníṣẹ́-abẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ fún ni láyè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ó kú ní ilé-ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọdún méjìlá péré ni ó fi ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ó kú nígbà tí ohun tí ì bá mú iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ní ọdún 1971, ní ilé-ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán inú orí ènìyàn ní ègé-ègé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́kù kò lò ó ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1977, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, Yasargil ní Switzerland àti Caspar ní Jámánì fi hàn pé a lè lo ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi láti yọ ìrọ̀rí eegun ẹ̀yìn tí ó yọ síta láti ojú ihò kékeré. Ní ọdún 1997, Foley àti Smith ní Amẹ́ríkà fi ọpọ́n tín-ínrín kan la àárín ẹran ẹ̀yìn kọjá láìgé e, wọ́n sì ti ojú ọpọ́n náà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ojú ọgbẹ́ tí ó máa ń gùn gbọọrọ di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹran kò ya, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kéré, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń dìde rìn ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì.

Ìtọ́jú aláìsàn náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kì í dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mọ́. Wọn a jọ oríṣi oògùn ìrora méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ní ìwọ̀n kékeré dípò kí wọ́n fi èyí tí ó lágbára jù kùn ún lóorun, wọn a sì ti kọ́ ọ bí yóò ti máa jókòó àti bí yóò ti máa dìde kí abẹ tó kàn án rárá. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, wọn a kọ́kọ́ mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, nítorí pé ọgbẹ́ tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ kì í tètè jiná. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ni ọ̀nà kékeré yìí bá mu. Eegun tí ó fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ agbégẹdú lè ṣì fẹ́ lílà gbọọrọ àti irin tí yóò dì í mú, iye owó ẹ̀rọ tí ọ̀nà kékeré náà sì gbà jẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ilé-ìwòsàn díẹ̀ ni ó ń ṣe é ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó jábọ́ lórí ọ̀pẹ lónìí ní Jàpárà lè dé ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ó kù fún un mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà débẹ̀, kí eegun tí ó ṣẹ́ máa gún okùn ẹ̀yìn ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá bọ́ sí.

Adélóyè ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn kàn lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀. Ó kọ́ àwọn mìíràn, àwọn náà kọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀ṣuntókun ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ títí tí òun náà fi di olóògbé ní ọdún 1995. Orúkọ Látúndé Ọdẹ́kù ni wọ́n fi sọ ilé-ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn tí ó wà nínú ọgbà UCH, níbi tí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti ń jókòó ka orúkọ àwọn eegun ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ìdí.